Oòrùn kọ́ ló pa pẹ́ńgúìnì Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ bi ẹni tí ibà ń ṣe ní Ìkàrẹ́ wa níbí pé kí ló fà á. Ẹ máa gbọ́ ọ: oòrùn pa mí jù, iṣẹ́ ti pọ̀ jù, òróró tí mo jẹ lánàá ni. Èmi ò gbà. Ẹlẹ́rìí tí mo sì fẹ́ pè, ẹyẹ òkun ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ibà máa ń ṣe ẹyẹ náà. Plasmodium ni wọ́n ń pe kòkòrò tó ń fà á, bíi tiwa, àmọ́ ẹ̀yà ti ẹyẹ yàtọ̀, kì í ràn wá. Kódà, ara ológoṣẹ́ àti àwọn ẹyẹ mìíràn ni Ronald Ross ti rí i ní Íńdíà lọ́dún 1898 bí ẹ̀fọn ṣe ń gbé kòkòrò náà láti ara ẹyẹ kan dé òmíràn. Ní 1902, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Bí àwọn onímọ̀ bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ òkun tó wà láyè ara rẹ̀ wò, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó rí ibà níbẹ̀. Lára ìdí rẹ̀ ni pé erékùṣù àti àpáta etí òkun ni wọ́n ń gbé. Atẹ́gùn ń fẹ́ gan-an, omi iyọ̀ yí wọn ká, ẹ̀fọn ò rí ibi yé ẹyin sí.

Ẹ wá wo pẹ́ńgúìnì Humboldt. Etí òkun Peru àti Chile ni ilé rẹ̀, níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n. Wọ́n kó o lọ sí ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2012, òjò rọ̀ gan-an nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀fọn pọ̀, ibà sì pa mẹ́fà nínú wọn. Ṣé oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ló pa wọ́n ni? Ẹja ni pẹ́ńgúìnì ń jẹ, kò fi òróró dín dòdò rí! Ẹ̀fọn ló jẹ wọ́n, tán.

Òkè ni Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà náà wà, àpáta yí wa ká. Ṣùgbọ́n omi òjò ló ń dúró sílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, kì í ṣe omi iyọ̀. Irú omi tó dúró yẹn sì ṣe pàtàkì. Ẹ̀fọn Culex, tó ń gbé ibà ẹyẹ kiri, fẹ́ràn gọ́tà ìdọ̀tí. Anopheles, tó ń gbé ibà tiwa, omi òjò tó mọ́ tí oòrùn ń tàn sí ló fẹ́ràn jù: kòtò ojú títì, ojú táyà ọkọ̀, ojú ẹsẹ̀ màlúù, ihò tí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù gbẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin inú rẹ̀ ti di ẹ̀fọn tó ń fò.

Nítorí náà, Sátidé tí a fi ń kó gọ́tà dáa, kò tó. A kó gọ́tà tán, a fo kòtò omi kọjá lọ sílé.

Ẹlòmíì á ní, "Ṣebí oòrùn máa ń fọ́ èèyàn lórí?" Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kò lè fi Plasmodium sínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ẹni tó gbà pé oòrùn ni, oògùn ara ríro lásán ló máa rà, kò ní ṣe àyẹ̀wò. Àgbàlagbà lè rọ́jú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ńkọ́? Nínú ẹni mẹ́rin tí ibà ń ṣe láyé, bí ẹnì kan ló jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan àti bí ìṣẹ́jú ogún, àyẹ̀wò ti parí.

Bí òjò bá dá, ẹ gbé ṣọ́bìrì, ẹ di kòtò iwájú ilé yín. Bí alẹ́ bá lẹ́, ẹ wọ inú nẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí oòrùn sinmi ẹ̀sùn.