"Ó Tẹ́ Mi Lọ́rùn": Ṣé Òótọ́ Ni?

Lóṣù tó kọjá, mo sin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan fún ìtọ́jú aboyún. Aago méje àárọ̀ la débẹ̀. Ó kọjá aago méjìlá kó tó kàn wá. Nígbà tí nọ́ọ̀sì yẹ BP wọn wò, ẹ̀gbọ́n mi béèrè iye tó jẹ́. Èsì tí wọ́n gbà ni, "Ṣé ìwọ ni dókítà ni?"

Bí a ṣe ń jáde, akẹ́kọ̀ọ́ kan bíi tiwa mú ìwé ìbéèrè wá: ǹjẹ́ ìtọ́jú yìí tẹ́ wọn lọ́rùn? Nọ́ọ̀sì náà dúró nítòsí. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín: "Ó tẹ́ mi lọ́rùn, a dúpẹ́."

Nínú kẹ̀kẹ́ márúwá, wọ́n ní àwọn ò ní bímọ síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá agbẹ̀bí kan ládùúgbò ni àwọn máa lọ. Mo ní, "Kí ló wá dé tí ẹ fi sọ pé ó tẹ́ yín lọ́rùn?" Wọ́n ní, "Ọwọ́ wọn ni mo ṣì wà. Ṣé kí n bá wọn jà ni?"

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹnu àwọn obìnrin ń dúpẹ́, ẹsẹ̀ wọn ló ń sọ òótọ́. Ìwádìí NDHS ti ọdún 2018 fi hàn pé ní Nàìjíríà, obìnrin 67 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba ìtọ́jú aboyún lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìlera, ṣùgbọ́n ọmọ 39 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n bí sí ilé ìwòsàn. Owó àti ọ̀nà jíjìn wà lára ohun tó fà á, mi ò jiyàn. Àmọ́ ìwọ̀sí náà wà níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì kò tó, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́rùn wọn. Síbẹ̀, èló ni wọ́n ń ra "ẹ kú ìnira"? Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ìyá agbẹ̀bí mọ èyí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lẹ́yìn ìbímọ, ọ̀yàyà nìkan kò lè dá a dúró. Oògùn àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára wà nílé ìwòsàn. Kò yẹ kí aboyún máa yan ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ẹ̀yin tó ń ṣe irú ìwádìí yìí fún project, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn mọ́. Ẹ bá wọn délé lẹ́yìn ìkómọ. Ẹ má béèrè bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹ béèrè pé: ṣé wọ́n kí yín? Ṣé wọ́n ṣàlàyé fún yín? Ṣé wọ́n fa kọ́tìnì kí wọ́n tó yẹ̀ yín wò? Ṣé ẹ máa bí ọmọ tó kàn síbẹ̀?

Ó ku oṣù méjì kí ẹ̀gbọ́n mi bímọ. Mo ṣì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà sílé ìwòsàn. Wọ́n ń bi mí pé kí ló ti yí padà níbẹ̀, mi ò sì rí èsì fún wọn.