Ọ̀RỌ̀ MỌ́TÒ: Dífù tó ń ké, ẹ má tíì pa á lẹ́nu mọ́!

Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà píkọ́ọ̀pù tó ń ná Ìkọ̀tún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndó, tiyín ni tòní o. Ẹni tó bá dúró ní ráńdábáótù Ìkọ̀tún fún ìṣẹ́jú mélòó kan, dandan ni kó gbọ́ píkọ́ọ̀pù tó ń hu "wùùùù" lẹ́yìn bí ìgbà tí èèyàn bá ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìgò. Símẹ́ńtì ló kó, tàbí àpò gàrí. Dẹ́rẹ́bà ti yí rédíò sókè kó má baà gbọ́ ọ. Bó bá débi iṣẹ́ mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọn yóò sọ fún un: "Ọ̀gá, ẹ lọ ra ọ́ìlì nọ́ńbà 140 tó ki dáadáa, ká dà á sí dífù, kíá ló máa dákẹ́."

Lóòótọ́ ni, ó lè dákẹ́. Ọ́ìlì tó ki máa ń dí àlàfo tó wà láàrin eyín irin tó ti jẹ, ariwo á sì rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ṣé ọ́ìlì máa ń mú kí eyín tún hù ni? Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn kan fi ń ta mọ́tò tó ti bàjẹ́ fún ẹni ẹlẹ́ni.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó búlọ́ọ̀kù láti Ìgàndó lọ sí Àkèsán kó sí páńpẹ́ yìí. Hilux tòkunbọ̀ ni tirẹ̀. Mẹkáníìkì kìíní da ọ́ìlì 140 sí i, ó gbowó, ó ní kó máa lọ. Nígbà tí ariwo padà dé, ó ní kò sí ohun tó kù ju kí wọ́n lọ ra dífù mìíràn ní Ládípọ̀. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ ni ọkùnrin náà gbà, ó kì í sápò, ó ti fẹ́ máa lọ sí Muṣin. Bàbá àgbàlagbà kan, tó ti ń tún Peugeot 504 ṣe láti ayé ìgbà tí wọ́n ń tò ó ní ilé-iṣẹ́ PAN ní Kàdúná (1975 ni ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́), ló dá a dúró.

"Ọmọ mi, o ti gbé táyà ẹ̀yìn sókè wò?"

"Ẹ má bínú, bàbá, wọn ò tíì gbé e."

"Ta ló wá sọ fún ọ pé dífù ni?"

Bàbá wọ ọkọ̀, wọ́n jọ jáde. Nígbà tí wọ́n yọ gíà sí nútírà lórí eré, ariwo náà ò yí padà rárá. Bí wọ́n bá yà sọ́tùn-ún, ó máa ń le sí i. Bí wọ́n bá yà sósì, ó máa ń rọlẹ̀. Bẹ́rìn táyà ẹ̀yìn ọwọ́ òsì ló ti jẹ! Bẹ́rìn kan àti síìlì kan ni wọ́n rà, owó ilé-ìwé sì padà sọ́wọ́ ìyá àwọn ọmọ. Ẹ ò rí i pé wọ́n fẹ́ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa pa làpálàpá?

Kí ló wà nínú dífù gan-an? Purópẹ́là ló ń gbé agbára láti inú gíábọ́ọ̀sì wá sẹ́yìn. Ó so mọ́ gíà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní pinion. Pinion yìí ló ń yí gíà ńlá tó ń jẹ́ crown, crown ló sì ń yí àwọn ásù tó lọ síbi táyà. Àwọn gíà kéékèèké mìíràn tún wà láàrin, àwọn ló ń jẹ́ kí táyà òde sáré ju ti inú lọ bí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà. Nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, pinion kì í dojú kọ àárín crown gan-an, ìsàlẹ̀ díẹ̀ ló máa ń wà. Hypoid lorúkọ irú gíà bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ Packard ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ lò ó sínú ọkọ̀ wọn ní 1926. Ó jẹ́ kí purópẹ́là wálẹ̀, kí ilẹ̀ ọkọ̀ náà sì wálẹ̀. Àmọ́ eyín irin hypoid kì í kàn yí mọ́ra wọn, ńṣe ni wọ́n ń fi agbára yọ̀ lórí ara wọn. Ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì ò lè gba irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po èròjà sọ́fọ̀ àti phosphorus mọ́ gíà ọ́ìlì, òun ló fà á tí òórùn rẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀.

Ó yá, báwo lèèyàn ṣe ń mọ ohun tó ń ké? Òwúrọ̀ Sunday kí ọ̀nà tó kún ló dára jù. Kí ẹ kọ́kọ́ dúró sójú kan, kí ẹ tẹ ẹ́ńjìnnì. Bí ariwo náà bá wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn ọkọ̀ rárá. Bí kò bá sí, ẹ sáré dé ibi eré tí ariwo ti ń jáde, kí ẹ yọ gíà sí nútírà, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ pa ẹ́ńjìnnì o, nítorí bíréèkì àti sítíárì á le kankan. Ariwo tí kò bá yí padà, táyà tàbí bẹ́rìn táyà ni kí ẹ fura sí. Ti táyà máa ń yí ohùn padà bí ẹ bá kúrò lórí ọ̀dà bọ́ sórí íńtálọ́ọ̀kì tàbí ilẹ̀ pupa, ti irin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá dákẹ́ tàbí tó yí ohùn padà nígbà tí ẹ yọ gíà, inú dífù ló ti ń wá. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ tẹ tọ́tù ló ń hu, tàbí ìgbà tí ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀, eyín crown àti pinion ló ti jẹ, tàbí bẹ́rìn pinion ti rọ̀. Ìró "gbà!" kan ṣoṣo nígbà tí ẹ bá kúrò ní rìfáàsì bọ́ sí gíà kìíní, ẹ kọ́kọ́ wo cross joint tó wà lára purópẹ́là, ó dínwó ju dífù lọ fíìfíì. Èyí tó jẹ́ pé kọ́nà nìkan ló ti ń ké "kà-kà-kà", àwọn gíà kéékèèké inú yẹn ni.

Bẹ́rìn pinion ni kí ẹ má fi ṣeré. Bó bá fọ́ pátápátá, dífù lè há, táyà ẹ̀yìn á dúró gbagidi lórí eré. Ẹ ro ti ẹrù símẹ́ńtì lẹ́yìn, kí ẹ ro ti ọlọ́kadà tó ń tẹ̀ lé yín.

Ẹ wo ọ́ìlì inú dífù kí ẹnikẹ́ni tó tú nǹkan kan. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Nọ́ọ̀tì òkè tí wọ́n ń gbà da ọ́ìlì sí i ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí ẹ tó fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ kan á fa ọ́ìlì dànù tán, wọ́n á wá rí i pé nọ́ọ̀tì òkè ti há! Ẹ ti ìka bọ ihò náà: ọ́ìlì gbọ́dọ̀ dé ẹnu ihò. Bó bá dúdú, kò tíì burú. Bó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọlé. Ẹrọ̀fọ̀ irin tó kúnná lára mágínẹ́ẹ̀tì nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n èérún irin tó lè gún yín lọ́wọ́, eyín kan ti ré nìyẹn.

Ibo ni omi ń gbà wọ̀? Lórí ásù ni ihò ìmí kékeré kan wà, breather ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Dífù tó ti gbóná, tó wá já sínú àgbàrá òjò, atẹ́gùn inú ẹ̀ á sún kì, á sì fa omi wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń la omi kọjá nígbà òjò ní Alímọ̀ṣọ́ mọ ohun tí à ń wí. Bó bá jẹ́ pé ẹrẹ̀ ló dí ihò yẹn, òdìkejì ló máa ṣẹlẹ̀: atẹ́gùn gbígbóná á ti ọ́ìlì gba ojú síìlì jáde. Ti síìlì pinion á máa kán sílẹ̀, ẹ ó rí i. Ti ẹ̀gbẹ́ táyà ló burú, inú bíréèkì ló ń dà sí.

Ní ti ọ́ìlì tí ẹ máa rà, ìwé tí ilé-iṣẹ́ kọ mọ́ ọkọ̀ ló láṣẹ. Fún dífù hypoid, "API GL-5" ni kí ẹ wá lára ike, kì í ṣe GL-4. Nọ́ńbà 90 tàbí 80W-90 ló tó fún ọ̀pọ̀ Hilux. Lẹ́tà W yẹn, ọ̀rọ̀ òtútù ni, Èkó ò sì ní òtútù tó ń dí ọ́ìlì. 85W-140 wà fún ẹrù wíwúwo nínú ooru, bí ìwé ọkọ̀ bá gbà á. Ẹ má ṣe rò pé 90 ki ní ìlọ́po méjì ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì 40 o, òṣùwọ̀n wọn yàtọ̀. 90 yìí ò fi bẹ́ẹ̀ ki ju 40 tàbí 50 ti ẹ́ńjìnnì lọ. Bákan náà, bí ìwé bá ní GL-4 ni kí ẹ fi sí gíábọ́ọ̀sì, ẹ má torí pé GL-5 ṣẹ́ kù kí ẹ dà á síbẹ̀, ó lè jẹ idẹ inú ẹ̀. Dífù tó jẹ́ limited slip, tirẹ̀ yàtọ̀, "LS" gbọ́dọ̀ wà lára ike. Ẹni tó bá sì ṣì ní Peugeot 404 àtijọ́, kó jìnnà sí gbogbo ìmọ̀ràn yìí: gíà rẹ̀ kì í ṣe hypoid, idẹ ni gíà ńlá inú ẹ̀.

Ọ́ìlì tí wọ́n ń bù láti inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì, ẹ fi í sílẹ̀. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti fà á? Ike tó dé pa, tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́, tó sì ní àmì MANCAP ti àjọ SON bó bá jẹ́ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é, ni kí ẹ rà. Dífù píkọ́ọ̀pù kì í sábà gbà ju lítà méjì sí mẹ́ta lọ, iye rẹ̀ ò tó ìdá kékeré nínú owó dífù tòkunbọ̀. Ẹ rọ ọ́ títí yóò fi máa kán lẹ́nu ihò, kí ẹ tó dé e. Bí ọkọ̀ bá sì wọ omi tó bo ásù, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Láínìn bíréèkì tí ọ́ìlì ti rin, fífọ̀ ò lè tún un ṣe. Ẹ pààrọ̀ tọ̀tún tòsì pọ̀, kí ọkọ̀ má baà máa fà sápá kan lọ́jọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì.