Kò Sí Ẹni tí Í Fi Kóńgò Wọn Aṣọ

Ní ọjà Ìsẹ́yìn, kóńgò ni wọ́n fi ń wọn àgbàdo àti èlùbọ́. Ẹni tí ó bá wá ra aṣọ òfì kò jẹ́ bèèrè kóńgò. Yóò tú aṣọ náà sílẹ̀, yóò nà án, yóò fi ọwọ́ pa á, yóò wò ó bóyá ìhun rẹ̀ ki tàbí ó fẹ́lẹ́. Bí ẹnì kan bá gbé kóńgò síwájú ahunṣọ, ẹ̀rín ni wọn yóò fi lé e kúrò ní ọjà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ẹ̀rín ní ọjà ti di òfin ní ilé-ẹ̀kọ́. Lítíréṣọ̀ tí àwọn baba ńlá dá fún ẹnu àti etí, bírò àti bébà nìkan ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kò sì sí ẹni tí í rẹ́rìn-ín.

Ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, ìdílé ṣì wà tí àgbà obìnrin inú rẹ̀ mọ ẹkún ìyàwó, tí àgbà ọkùnrin inú rẹ̀ sì mọ ìjálá. Ọmọ tí irú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ bá tọ́ lè sun ẹkún ìyàwó títí omi yóò fi bọ́ lójú ẹni tí ń gbọ́. Kí ni ìdánwò yóò bi í? Yóò ní kí ó dárúkọ kókó mẹ́rin tí ẹkún ìyàwó máa ń dá lé, kí ó sì ṣàlàyé wọn. Ọmọ mìíràn tí kò gbọ́ ẹkún ìyàwó rí láti ọjọ́ tí ó ti dáyé, ṣùgbọ́n tí ó ti há kókó mẹ́rin náà sórí, ni yóò gba máàkì jù. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ní yunifásítì, ọmọ kejì yìí yóò padà wá sí Òkè-Ògùn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, yóò sì máa kọ́ ọmọ ẹlẹ́kún ìyàwó ní kókó mẹ́rin.

Níbo ni irú ìdánwò yìí ti wá? Nígbà tí wọ́n dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà, oyè Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ń gbà kí ó tó dá dúró ní 1962. Ní ti ilé-ẹ̀kọ́ girama, ìdánwò Cambridge ni àwọn ọmọ ń ṣe kí wọ́n tó dá WAEC sílẹ̀ ní 1952. Inú ìwé ni lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ nígbà náà wà. Ó bá a mu kí wọ́n fi ìwé dán an wò. Nígbà tí ẹ̀kọ́ Yorùbá dé yunifásítì, aṣọ tí wọ́n rán fún Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú aṣọ àyálò. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó yá a ti gbàgbé pé kì í ṣe òun ni wọ́n rán an fún.

Ní oṣù kẹwàá 1968, Ngũgĩ wa Thiong'o, Taban lo Liyong àti Henry Owuor-Anyumba kọ̀wé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Nairobi ní Kenya pé kí wọ́n pa Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ́, kí lítíréṣọ̀ Áfíríkà, títí kan ti àtẹnudẹ́nu, sì wà ní àárín gbùngbùn ẹ̀kọ́. Nílé níbí, ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá ti jáde ní 1966. Ti Ọlátúndé Ọlátúnjí lórí ewì alohùn Yorùbá tẹ̀ lé e ní 1984. Ìjà lórí ohun tí ó yẹ kí wọ́n máa kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ìjà lórí bí ó ti yẹ kí wọ́n máa dán an wò ni kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó yani lẹ́nu jù nìyí. Ṣakí kò jìnnà sí ààlà orílẹ̀-èdè Benin. Bí ọmọ Ṣakí kan bá mú èdè Faransé nínú ìdánwò WAEC, ìpín kan wà tí yóò ti la ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú olùdánwò. Bí ó bá mú Yorùbá, tí í ṣe èdè ìyá rẹ̀, kò sí ibi tí wọn yóò ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Kódà, ìpín tí wọ́n ń pè ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ́ńsù ni àwọn ọmọ Nàìjíríà fi ń kun ìdáhùn rẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí báyìí kò farasin. Ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ àwọn yunifásítì, olùkọ́ ewì wà, ti ìtàn àròsọ wà, ti eré-oníṣe wà. Olùkọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wá ọ̀nà tí ó yẹ láti dán akẹ́kọ̀ọ́ wò ni ó ṣọ̀wọ́n. Iṣẹ́ gbogbo ènìyàn ni ìdánwò jẹ́, iṣẹ́ tí ó bá sì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kì í ní olówó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà, àwọn yunifásítì ti ń gba olùkọ́ tí ìkọ́ni àti ọgbọ́n ìdánwò jẹ́ olórí iṣẹ́ wọn. Ó tó àkókò kí àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá dá irú ipò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ sì ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá pọ̀.

Ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì pàápàá nílò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gba máàkì gíga lórí eré tí Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní 1975 nípa Ẹlẹ́ṣin Ọba Ọ̀yọ́, kí ó má sì tíì fi ẹnu rẹ̀ sọ gbólóhùn kan rí nínú eré náà. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ChatGPT sì ti jáde ní òpin 2022, àròkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ nílé kì í ṣe ẹ̀rí mọ́ pé òun ni ó kọ ọ́. Kò sí ẹ̀rọ tí yóò bá a jókòó níwájú olùdánwò. Àyè wà fún àtúnṣe náà: nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tí Àjọ NUC gbé jáde ní 2022, ìdá 70 nínú 100 ni àjọ náà là sílẹ̀, ó fi 30 tí ó kù sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe kò ṣàjèjì. Ọ̀gá ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn kì í ní kí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ kọ̀wé nípa òfì kí ó tó gba òmìnira. Ìdí òfì ni í fi í jókòó sí, a sì máa bi í ní ìdí tí òwú fi já. Bákan náà, nínú máàkì 100, kí 40 jẹ́ ti ẹnu. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá ẹni tí ó mọ ìjálá, rárà, ẹkún ìyàwó tàbí oríkì orílẹ̀. Kí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀, kí ó sì dà á kọ pẹ̀lú àmì ohùn: máàkì 15. Kí ó ṣàlàyé ẹni tí í ké e, ìgbà tí wọ́n ń ké e, àti ìdí rẹ̀: máàkì 10. Kí ó wá jókòó níwájú olùdánwò méjì, kí ó ké díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó sì dáhùn ìbéèrè: máàkì 15. Kí olùdánwò kan jẹ́ olùkọ́, kí èkejì jẹ́ ẹni tí í ké irú ewì náà.

Àwọn kan yóò ní ẹni tí kò kàwé kò lè jókòó ti olùkọ́ yunifásítì. Wọ́n ti gbàgbé pé Yunifásítì Ifẹ̀ gba Amos Tutùọlá, tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò kọjá ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí olùwádìí àlejò ní 1979. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn mìíràn yóò ní ojúsàájú yóò wọ ìdánwò ẹnu. Kí wọ́n gba ohùn gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, kí olùdánwò láti yunifásítì mìíràn sì tún un gbọ́. Àwọn kan yóò ní ọmọ Mùsùlùmí tàbí Kìrìsítẹ́nì kò ní í fẹ́ ké ẹ̀sà tàbí ìyẹ̀rẹ̀. Òtítọ́ ni, ìlú onígbàgbọ́ sì ni Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Ṣùgbọ́n àlọ́ wà, oríkì ìlú wà, ẹkún ìyàwó wà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ yan èyí tí ọkàn rẹ̀ gbà. Ti ẹ̀ka-èdè ńkọ́? Ìdánwò ẹnu ni ibi tí ọmọ Òkè-Ògùn yóò ti lè fi Òǹkò ké ohun tí wọ́n fi Òǹkò dá, tí kò ní í jẹ́ àṣìṣe.

Olùdíje ìdánwò ọdún yìí kò gbọdọ̀ tìtorí ọ̀rọ̀ yìí fi kókó mẹ́rin náà sílẹ̀. Òun ni wọn yóò ṣì bi í. Ṣùgbọ́n olùkọ́ girama kò ní láti dúró de yunifásítì. Láti ìgbà Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti 1977 ni máàkì ìgbéléwọ̀n àtìgbàdégbà ti wà ní ìkáwọ́ olùkọ́. Kí ó yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ẹnu ní táàmù yìí, kí ó sì rán àwọn ọmọ lọ sí ilé àwọn àgbà. Ìyá àgbà tí ó mọ ẹkún ìyàwó kò ní í dúró de ìpàdé ìgbìmọ̀ yunifásítì.