Orúkọ Inú Ìwé Kì Í Ṣe Ilé



Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó kó èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Bràsíl kò wo ilé kankan. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi ń dojú rú nígbà tí àrọ́mọdọ́mọ wọn bá mú ìwé àtijọ́ ti Bahia wá, èyí tí ìjọba fi ka àwọn tó ń gbé ojúlé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń béèrè orírun wọn.

Ẹ wo Domingos Sodré. Èkó, tí àwọn Potogí ń pè ní Onim nígbà náà, ni wọ́n ti bí i. Awo ni. Ọlọ́pàá mú un ní Salvador lọ́dún 1862, wọ́n sì kó ohun èlò awo rẹ̀ lọ. Sodré tó ń jẹ́, orúkọ ìdílé olówó rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi orúkọ yẹn wá ìran rẹ̀, ilé olówó ẹrú ni yóò já sí.

"Nàgó" tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà kì í ṣe ìlú. Ẹ̀gbá ni o, Ìjẹ̀ṣà ni o, Ọ̀yọ́ ni o, Nàgó kan náà ni akọ̀wé sábà máa ń kọ.

Ti onílé tún ń bẹ. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Màlé ní 1835, òfin tí wọ́n ṣe ní Bahia lọ́jọ́ 13 oṣù Karùn-ún ní kí ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira má ṣe ra ilé tàbí ilẹ̀ mọ́. Nítorí náà, bí ẹ kò bá rí bàbá yín láàárín àwọn onílé, ẹ má yára sọ pé kò ní nǹkan. Ẹ wá orúkọ ọmọ tó bí sí ọ̀hún, ẹ sì wo àwọn tí wọ́n jọ ń gbé.

Ohun tó ń dùn mí ni àwọn babaláwo kan tí wọ́n ń da ọ̀pẹ̀lẹ̀, tí wọ́n á kàn pe orúkọ ìlú kan fún àlejò, kí wọ́n lè gba owó ètùtù. Awo kì í wo apá kan ọ̀pẹ̀lẹ̀ kó ní odù ti délẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé kan ṣoṣo kò tó í mọ ìran. Ẹ to ìwé ojúlé, ìwé ìrìbọmi, ìwé òmìnira àti ìwé ìhágún pọ̀, kí ẹ wá fi ohun tí ìdílé náà ń bọ dán an wò. Ifá yóò sọ ẹbọ tó yẹ. Kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ irọ́.

Ẹni tí a bá purọ́ ìlú fún, egúngún ilé onílé ni yóò máa bọ. Ti ilé tirẹ̀ á sì máa retí rẹ̀.