Ìbòjú Kan Ṣì Kù: Àtúnwò Fíìmù Scooby-Doo on Zombie Island

 Ọ̀rọ̀ fíìmù kàtúùnù kan ni mo gbé wá lónìí. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ kàtúùnù kò yẹ níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ èdè àti àṣà Yorùbá, kí ó fara balẹ̀ kà á dé òpin. Èrò mi ni pé Scooby-Doo on Zombie Island, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1998, wà lára èyí tí ó dára jù lọ nínú gbogbo ìtàn Scooby-Doo, nítorí pé ó ní ìgboyà láti rú òfin ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbòjú kan ṣì kù tí fíìmù náà kò ṣí, ìbòjú náà sì kan àwa àti àwọn aládùúgbò wa gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹni tí kò bá tíì wo fíìmù náà, tí kò sì fẹ́ kí a tú àṣírí rẹ̀ fún òun, kí ó lọ wò ó ná kí ó tó padà wá.

Òfin ìbòjú

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969 ni ìtàn Scooby-Doo kọ́kọ́ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Joe Ruby àti Ken Spears ni wọ́n ṣẹ̀dá rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Hanna-Barbera. Ọ̀dọ́ mẹ́rin, Fred, Daphne, Velma àti Shaggy, pẹ̀lú ajá gọ̀gọ̀rọ̀ kan tí ó ń bẹ̀rù òjìji ara rẹ̀, a máa wọ ọkọ̀ káàkiri. Ibikíbi tí wọ́n bá dé, iwin kan yóò ti máa dẹ́rù ba àwọn ará ibẹ̀. Wọn yóò sá, wọn yóò ṣubú, Shaggy àti ajá yóò wá oúnjẹ tí wọn yóò jẹ, àwọn yòókù yóò dẹ pàkúté. Nígbà tí ọwọ́ bá tẹ iwin náà, wọn yóò ṣí ìbòjú lójú rẹ̀, wọn yóò sì rí i pé ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni: oníjìbìtì, olè, tàbí ẹni tí ó ń wá ọ̀nà láti gba ilẹ̀ onílẹ̀. Òfin ìtàn náà nìyẹn. Kò sí iwin. Ojúkòkòrò ọmọ aráyé ni ó wà.

Ó dùn mọ́ mi pé ní ọdún 1969 kan náà ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde, ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá mọ̀ dáadáa. Láti ọdún 1938 ni D. O. Fágúnwà ti la ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ pẹ̀lú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, níbi tí iwin ti jẹ́ iwin ní tòótọ́, tí ọdẹ sì gbọ́dọ̀ bá a jà. Òkédìjí kẹ́yìn sí igbó, ó kọjú sí ìlú. Lápàdé, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí, kò lépa iwin kankan. Ọmọ ènìyàn tí ó ń hùwà ọ̀daràn ni ó ń lépa. Bí a bá fi ojú lítíréṣọ̀ tiwa wo Scooby-Doo, ọ̀nà Òkédìjí ni ó ń tọ̀.

Lóòótọ́, ní àwọn ọdún 1980, wọ́n ṣe àwọn kan tí iwin gidi wà nínú wọn, irú bí The 13 Ghosts of Scooby-Doo (1985). Ṣùgbọ́n Fred àti Velma kò sí nínú ìyẹn, ẹ̀rín lásán sì ni àwọn iwin ibẹ̀ wà fún. Fíìmù ọdún 1998 ni ó kó àwọn márààrún jọ, tí ó sì gbé òfin àtijọ́ náà síwájú wọn pé kí wọ́n wò ó bóyá ó ṣì dúró.

Orí tí ó bọ́ síni lọ́wọ́

Jim Stenstrum ni olùdarí fíìmù náà, Glenn Leopold ni ó kọ ọ́, ilé-iṣẹ́ Mook ní Japan ni ó sì ya àwòrán rẹ̀. Don Messick, tí ó ti ń fọhùn fún ajá náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kú ní ọdún 1997, nítorí náà Scott Innes ni ó gba ipò rẹ̀.

Nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ ti tú ká. Velma ń ta ìwé, Daphne ń ṣe ètò lórí tẹlifíṣọ̀n, Fred ń bá a ṣiṣẹ́, Shaggy àti Scooby sì di aṣọ́bodè ní pápákọ̀ òfuurufú, títí tí wọ́n fi lé wọn kúrò nítorí pé wọ́n ń jẹ ẹrù òfin. Ọ̀ràn ìbòjú ti sú Daphne. Iwin gidi ni ó ń wá. Wọ́n lọ sí Louisiana, ibẹ̀ sì ni ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Lena ti pè wọ́n sí erékùṣù kan láàrin àbàtà, níbi tí ọ̀gá rẹ̀, Simone, ní ilé ńlá àti oko ata.

Ní òru, àwọn òkú jáde láti inú ẹrẹ̀. Fred di ọ̀kan mú, ó ń fa orí rẹ̀, ó sì ń dárúkọ àwọn tí ó fura sí lọ́kọ̀ọ̀kan. Dípò ìbòjú, orí ni ó bọ́ sí i lọ́wọ́. Láàrin ìṣẹ́jú yẹn ni òfin ọdún 29 wó lulẹ̀. Òkú gidi ni òkú yìí.

Ìyípadà kejì ni ó wá fi ọgbọ́n han. Àwọn òkú náà kò wá ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ìkìlọ̀ ni wọ́n ń ṣe, kí àwọn àlejò má baà di irú wọn. Simone tí ó gbà wọ́n lálejò, àti Lena tí ó fi ẹ̀rín músẹ́ pè wọ́n wá, ni apànìyàn. Láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti wà níbẹ̀, wọ́n ń di abàmì ológbò ní ìgbà òṣùpá ìkórè, wọ́n sì ń fa ẹ̀mí àwọn tí wọ́n bá tàn wá kí àwọn lè wà láàyè títí. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Fíìmù yìí fi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣàlàyé òwe náà fún ọmọdé.

Ohun tí mo tún fẹ́ràn ni pé àwàdà inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé ni Scooby ti ń lé àwọn ológbò Simone kiri, tí àwo ń fọ́, tí tábìlì ń dojú dé, tí a sì ń rẹ́rìn-ín. Àṣé àmì ni. Ajá ti mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Bákan náà, nígbà tí Lena sọ pé àwọn òkú wọ́ Simone lọ, Velma rí ojú ẹsẹ̀ bàtà onígìgísẹ̀ lórí ilẹ̀: ẹni tí a wọ́ lọ kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Iwin ti dé, síbẹ̀ làákàyè kò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Bí ẹni pé Lápàdé wọ inú igbó irúnmalẹ̀, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ ni.

Ní ọdún 2019, wọ́n ṣe òmíràn, Return to Zombie Island, tí ó tún gbé ọ̀rọ̀ padà sí ojú ọ̀nà ìbòjú, tí ó sì ń gbìyànjú láti fi àlàyé pa ohun tí ojú rí ní 1998 rẹ́. N kò rí èrè tí ó wà nínú ìyẹn.

Kí ni à ń pè ní sọ́ńbì?

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú àkọlé. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń túmọ̀ zombie sí àkúdàáyà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àkúdàáyà ni ẹni tí ó kú ní ìlú kan, tí a sì tún rí i ní ìlú mìíràn, tí ó ń ṣòwò, tí ó fẹ́ ìyàwó, tí ó bímọ, títí tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ yóò fi dé, tí yóò sì pòórá. Àkúdàáyà ní èrò, ó ní ìfẹ́ inú, ó sì lè purọ́.

Sọ́ńbì yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé láti inú èdè àwọn ará Kongo ni orúkọ náà ti wá, Haiti ni ó sì ti di ohun tí ayé mọ̀. Ní Haiti, sọ́ńbì kì í jẹ ẹran ènìyàn. Òkú tí wọ́n jí dìde ni, tí wọ́n gba ìfẹ́ inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń lò ní oko olóko láìgbowó. Ẹ rántí pé ilẹ̀ oko ìrèké ni Haiti, àti pé àwọn ẹrú ibẹ̀ jà láti ọdún 1791 kí wọ́n tó gba òmìnira ní 1804. Ẹ̀rù sọ́ńbì ni ẹ̀rù pé ikú pàápàá lè má gba ẹrú sílẹ̀ lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Àwọn onífíìmù Amẹ́ríkà gbé e sí ojú ìran pẹ̀lú White Zombie ní 1932. Lẹ́yìn fíìmù George Romero ti 1968 ni ó wá di òkú ajẹnìyàn.

Fẹlá mọ ìtumọ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Ní 1976 tí ó gbé orin Zombie jáde, àwọn ológun tí ń gba àṣẹ láìronú ni ó fi orúkọ náà pè, àwọn ológun sì dá a lóhùn ní oṣù kejì ọdún 1977 nígbà tí wọ́n sun ilé rẹ̀.

Níbi yìí ni fíìmù wa ti jẹ̀bùn, bóyá àwọn tí ó ṣe é mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀. Àwọn òkú inú rẹ̀ jẹ́ ẹni tí a fìyà jẹ, tí kò sì lè sinmi. Ó sún mọ́ Haiti ju Romero lọ. Bí a bá bi mí, èmi yóò ní kí a kọ ọ́ ní sọ́ńbì, kí a sì ṣàlàyé rẹ̀ pé òkú tí a sọ dẹrú ni.

Ìbòjú tí ó kù

Nísinsìnyí, ẹ wo ohun tí Simone àti Lena fi mú àwọn ọ̀rẹ́ wa: ère kéékèèké tí a fi ìda mọ. Ohun tí wọ́n bá ṣe sí ère ni yóò ṣẹ sí ènìyàn. Louisiana, òru, ère, èpè: gbogbo ayé ti mọ orúkọ tí àwọn fíìmù fi ń pe àkópọ̀ yìí. Wọ́n ń pè é ní Vodou.

Vodun jẹ́ ẹ̀sìn àwọn Fọ̀n àti àwọn Éwé, ní ilẹ̀ Benin àti Togo, níbi tí àwọn Yorùbá Kétu àti Ṣábẹ ti jẹ́ ará ilé wọn. Legba wọn ni Èṣù wa, Gu wọn ni Ògún, Fa wọn ni Ifá. Ní Haiti, apá kan wà nínú Vodou tí ń jẹ́ Nago, orúkọ tí àwọn Fọ̀n ń pe àwa Yorùbá. Ogou ni ó gbajúmọ̀ níbẹ̀. Láàrin 1809 sí 1810, ó lé ní 9,000 ènìyàn tí wọ́n ti sá kúrò ní Haiti lọ sí Cuba tí ó tún gba ibẹ̀ dé New Orleans, ẹrú àti ọmọlúàbí aláwọ̀ dúdú sì pọ̀ nínú wọn. Ohun tí wọ́n gbé lọ ni òrìṣà, orin, ìlù, ewé àti ọ̀nà ìwòsàn.

Ère ìda ńkọ́? Ní ọdún 1597, ọba James ti Scotland kọ ìwé nípa àwọn àjẹ́ ilẹ̀ tirẹ̀, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé wọ́n ń fi ìda àti amọ̀ mọ àwòrán ènìyàn láti fi pa á lára. Ẹrù àwọn ará Yúróòpù wà lórí ère náà, ṣùgbọ́n ọmọ Áfíríkà ni wọ́n ní kí ó rù ú.

Ohun kejì sì wà níbẹ̀. Fíìmù náà ka àwọn tí ó kú ní erékùṣù fún wa: àwọn ajalèlókun, àwọn arìnrìn-àjò, àti àwọn ọmọ ogun Gúúsù, àwọn tí wọ́n jagun láàrin 1861 sí 1865 kí oko ẹrú má baà tán. Mo tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ẹni tí ó ro oko ata yẹn ní Louisiana ayé ìgbà náà. Fíìmù tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ orúkọ òkú ẹrú gbàgbé ẹrú.

Àwọn kan yóò ní kàtúùnù ọmọdé ni, kí n fi í sílẹ̀. Èsì mi ni pé ọmọdé gan-an ni ó ń wò ó. Ọmọ tí ó bá kọ́kọ́ pàdé Vodun gẹ́gẹ́ bí ère tí a ń gún ní abẹ́rẹ́ yóò ti fi ojú yẹn wo Ògún àti Ifá kí olùkọ́ rẹ̀ tó la ẹnu. Mo ti rí ọmọ Yorùbá tí ó ń fi ọ̀rọ̀ náà bú ẹ̀sìn ìyá ńlá rẹ̀.

N kò ní kí a má wo fíìmù náà. Ẹ wò ó, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì fi ọgbọ́n tí ó kọ́ wa wo òun fúnra rẹ̀: ojú tí ó bani lẹ́rù lè jẹ́ ojú ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́. Iṣẹ́ àwa tí a fẹ́ràn èdè ni láti mọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan. Iwin kì í ṣe òkú, òkú kì í ṣe àkúdàáyà, àkúdàáyà kì í ṣe sọ́ńbì, Vodun kì í sì ṣe èpè. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ẹni tí ó bá fún wa ní orúkọ tí kì í ṣe tiwa ni yóò máa fà wá kiri.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé àkọlé fíìmù yìí sí èdè Yorùbá, kí ni ẹ ó pè é? Ẹ rò ó dáadáa.