Ẹ Fi Ọ̀pọ̀tọ́ Etí Odò Sílẹ̀!

Wọ́n ti gé ọ̀pọ̀tọ́ kan létí odò ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Méjì ló kù. Wọ́n ní igi tí kò wúlò ni. A ò gbà! Igi tó ń so jìngbìnnì lára ìtí, tí ẹyẹ àti àdán ń jẹ, ṣé òun ni kò wúlò? Inú èso rẹ̀ ni òdòdó rẹ̀ fara pamọ́ sí. Kòkòrò tíntìntín kan ló ń wọ ibẹ̀ lọ yé ẹyin, òun ló sì ń jẹ́ kó ní irúgbìn. Gbòǹgbò ọ̀pọ̀tọ́ ló di etí odò mú tí àgbàrá kò fi wó o. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ gbé àáké sọlẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká jọ ṣọ́ méjì tó kù.