Ẹ̀rọ Tí Yóò Jíṣẹ́ fún Àgbà Gbọ́dọ̀ Gbọ́ Èdè Àgbà

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ wa, tí àwọn baba wa rí àpótí tí ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí kì í sì í gba èsì lẹ́nu ẹnikẹ́ni, wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ tí ó bá ìwà rẹ̀ mu rẹ́gí: asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà tọ́ ní ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Ẹ̀rọ tí ń gba èsì ti dé. Ènìyàn yóò wí pé, "Tan iná," iná yóò sì tàn. Yóò wí pé, "Gbé omi wá," ẹ̀rọ tí ó ní táyà lẹ́sẹ̀, tí ife omi wà lórí àwo rẹ̀, yóò sì yí dé ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni pé kì í ṣe àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti òkè òkun nìkan ni ó lè ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ́ tí ó ní làákàyè àti sùúrù lè kàn án nínú ilé baba rẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí, ìlú Òkè Ìdànrè ni a ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ.

Òkè ni gbogbo ayé fi mọ Ìdànrè. Orí òkè náà ni àwọn ará ìlú gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní 1923. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni àlejò ń gùn kí ó tó dé ibi tí ààfin àtijọ́ àti kóòtù àtijọ́ wà. Láti 2007 ni a sì ti kọ orúkọ ibẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè wa ń fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti òkè ni à ń wí lónìí. Ti àwọn àgbà tí ń gbé ní ìsàlẹ̀ òkè ni. Ìlú kòkó ni Ìdànrè. Owó kòkó ni ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá ibẹ̀ fi rán ọmọ ní ilé-ìwé, ìwé tí àwọn ọmọ náà kà ni ó sì gbé wọn lọ sí Àkúrẹ́, sí Èkó, sí Lọ́ńdọ̀nù àti sí Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó wọ ilé-ìwé ní oṣù kìíní 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ti lé ní ẹni ọdún 75 báyìí. Ẹni tí ó ru kòkó láti oko fún ogójì ọdún kò ní orúnkún ọmọdé mọ́. Ó jókòó sínú ilé tí ọmọ rẹ̀ kọ́ fún un. Omi wà nínú àmù, ẹni tí yóò bù ú ni kò sí.

Àwọn baba wa a máa wí pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ṣùgbọ́n kí ni òkété yóò ṣe bí ọmọ rẹ̀ bá wà ní ìdàkejì òkun? Ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń ṣe ni pé wọn a wá ọmọ ọ̀dọ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ náà, ọmọ ẹlòmíràn ni. Nígbà púpọ̀ ni ó sì jẹ́ pé ọmọ tí ó yẹ kí ó wà ní kíláàsì ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Ìjọba Àpapọ̀ ṣe ní 2003 kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí-ọkàn wa náà kò sì gbọdọ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá wà tí ó lè gba díẹ̀ lára iṣẹ́ náà ṣe, kì í ṣe ohun ìṣeré ni a rí, kì í sì í ṣe ọ̀ràn fáàrí. Ìtura àgbà àti ìwé ọmọdé ni ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹ̀rọ náà wò, nítorí pé kì í ṣe iṣẹ́ oṣó. Ohun mẹ́rin ni ó pé sí ara rẹ̀. Ìkínní ni ara: pákó tàbí irin pẹlẹbẹ, èyí tí káfíńtà tàbí wẹ́dà kankan ní Ìdànrè lè ṣe. Ìkejì ni ẹsẹ̀: táyà kéékèèké pẹ̀lú mọ́tò bí irú èyí tí ń yí wáipà ọkọ̀, àti bátìrì tí oòrùn lè fi iná sí. Ìkẹta ni ọpọlọ: kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, irú Raspberry Pi tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2012, tàbí Arduino tí ó ti Ítálì wá ní 2005, èyí tí ń pàṣẹ fún mọ́tò pé yí síwájú, yí sẹ́yìn, dúró. Ìkẹrin ni etí, èyí tí í ṣe maikirofóònù. A kò ní sọ àsọdùn: irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè gun àtẹ̀gùn òkè, kò lè gún iyán, a kò sì gbọdọ̀ gbé ọmọ ọwọ́ lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, ó lè gbé ife omi wá, ó lè tan iná kí ó sì pa á, ó lè rán àgbà létí àkókò oògùn rẹ̀, ó sì lè pe ọmọ rẹ̀ lórí tẹlifóònù bí ó bá ṣubú tí ó sì kígbe.

Nínú ohun mẹ́rin yìí, mẹ́ta ni owó lè rà, tàbí tí ọwọ́ lè kàn. Ìkẹrin ni ìṣòro wà. Maikirofóònù lè gba ohùn, ṣùgbọ́n gbígba ohùn kọ́ ni gbígbọ́ ọ̀rọ̀. Kí ẹ̀rọ tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀, ó ní láti kọ́ ọ bí ọmọ tí ń kọ́ èdè lẹ́yìn ìyá rẹ̀: a ó fi ohùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn bọ́ ọ, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ohun tí olúkúlùkù wọn wí, títí yóò fi mọ ohùn tí ó bá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ OpenAI ní Amẹ́ríkà gbé Whisper jáde ní 2022, èyí tí í ṣe etí tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, wákàtí 680,000 ni ohùn tí wọ́n fi kọ́ ọ. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo èdè yòókù ni ó pín ìdá kan tí ó kù, Yorùbá sì wà láàárín wọn bí ọmọ tí ó dé ìdí àwo nígbà tí ọbẹ̀ ti tán. Kò yani lẹ́nu, nítorí náà, pé ẹ̀rọ tí ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ketekete a máa ṣì Yorùbá gbọ́.

Àṣìgbọ́ nínú èdè wa kì í sì í ṣe ọ̀ràn kékeré. Ìyá àgbà yóò wí pé, "Fọ àwo yẹn." Bí ẹ̀rọ tí kò mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn àárín bá gbọ́ ọ ní "Fọ́ àwo yẹn," ẹ̀yin náà mọ ohun tí yóò ṣẹ̀. Bàbá yóò ní kí ó gbé igbá wá kí òun fi bu omi. Yóò lọ gbé igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ wá fún un. Ohùn ni ọkàn èdè Yorùbá. Àwọn baba wa mọ èyí ju gbogbo ayé lọ: wọ́n gbẹ́ igi, wọ́n fi awọ bò ó, wọ́n sì mú kí dùndún, tí kò ní ahọ́n tí kò sì ní eyín, fi ohùn nìkan ki ọba títí orí ọba yóò fi wú. Ẹni tí baba rẹ̀ kọ́ igi ní èdè kò yẹ kí ó wí pé òun kò lè kọ́ irin.

Ẹ̀wẹ̀, Yorùbá tí a ń kọ sínú ìwé nìkan kọ́ ni Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ibi ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ń pe ilé ní "ulé." Ará Ìdànrè ní bí ó ti ń sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe bí ará Ọ̀yọ́. Àgbà tí ó ti lo ọdún 75 nínú èdè ìlú rẹ̀ kò ní fi ọjọ́ alẹ́ kọ́ èdè ìwé nítorí àtibá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ni yóò kọ́ èdè rẹ̀, nítorí pé ìránṣẹ́ ni í kọ́ èdè ọ̀gá.

Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ó sì yẹ kí a kí wọn. Ní oṣù kejìlá 2022, ilé-iṣẹ́ Uniccon ní Abuja gbé róbọ́ọ̀tì tí wọ́n pè ní Omeife jáde; Yorùbá sì wà nínú èdè tí wọ́n kọ́ ọ. Silas Adekunle, ọmọ Nàìjíríà tí ó ṣe róbọ́ọ̀tì MekaMon ní ìlú Bristol, tí wọ́n sì tà á ní ilé ìtajà Apple ní 2017, ti wà lára àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ Awarri sílẹ̀. Awarri yìí ni ó bá Ìjọba Àpapọ̀ ṣe N-ATLaS, tí a gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án 2025, tí a sì fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó. Yorùbá, Haúsá, Ígbò àti Gẹ̀ẹ́sì bí a ti ń sọ ọ́ ní ilẹ̀ wa ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó ti fi irin rin ìrìn-àjò tó bẹ́ẹ̀ ni ó padà wá sí ìdí ọ̀rọ̀ èdè. Ó yé e pé ara róbọ́ọ̀tì kì í ṣe ìṣòro, etí ni.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé: "Iná kò dúró, oúnjẹ wọ́n lọ́jà, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ń gbé omi." A gbọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kékeré tí a wí yìí kì í jẹ iná púpọ̀, bátìrì lè gbé e. Àwọn mìíràn yóò wí pé ọmọ ni í tọ́jú òbí, kì í ṣe ẹ̀rọ. Òtítọ́ ni. Ẹ̀rọ kò lè bá àgbà ṣeré ọjọ́ kan ṣoṣo, kò sì lè sún ẹkún nígbà tí ó bá kú. Ọmọ tí ó bá ra ẹ̀rọ sílé nítorí kí òun má ṣe padà wálé mọ́ ti ṣe ohun ìtìjú. Ṣùgbọ́n ọ̀pá kì í gba ipò ọmọ, síbẹ̀ a kì í gba ọ̀pá lọ́wọ́ arúgbó.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó gba ìṣọ́ra. Àwọn àgbà ní ògiri létí. Nísinsìnyí, ògiri ti ní etí lóòótọ́. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ agbọ́rọ̀ tí a ń kó wá láti òkè òkun a máa fi ohun tí a bá sọ nínú ilé ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àwọn tí ó ṣe wọ́n. Òfin ti wà láti 2023 tí ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfin kì í yára gùn dé iyàrá. Ìdí mìíràn rèé tí a fi fẹ́ràn ẹ̀rọ tí a bá kàn nílé: a lè ṣe é kí ó má lo íntánẹ́ẹ̀tì rárá, kí ọ̀rọ̀ ilé má ṣe jáde kúrò nílé.

Kí wá ni ṣíṣe? Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Àkúrẹ́ láti 1981, kò sì jìnnà sí Ìdànrè. A rọ àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kí wọ́n rán àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn lọ jókòó ti àwọn àgbà, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn pípé. A rọ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó kí ó san owó iṣẹ́ náà, nítorí kò tó iye owó títì kan. A rọ ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ti ìpínlẹ̀ náà kí ó ṣí àpótí ohùn àtijọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn oníwádìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Mozilla ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Common Voice láti 2017, níbi tí ẹnikẹ́ni lè fi ohùn ara rẹ̀ tọrẹ. Yorùbá wà níbẹ̀. Ẹ ka gbólóhùn mẹ́wàá síbẹ̀ lónìí. Ẹ sì máa fi àmì sí orí Yorùbá tí ẹ bá ń kọ, nítorí pé ohun tí a kọ láìní àmì ni ẹ̀rọ ń kọ́ láìní ohùn.

Iṣẹ́ yìí kò gba ìdádúró. Wáyà kò ní tán lọ́jà, mọ́tò kò ní tán, kọ̀ǹpútà yóò máa dínwó. Ṣùgbọ́n ohùn àgbà tí ó bá sùn lónìí kò ṣeé rà lọ́la. Kí a tètè gbà á sílẹ̀, kí àwọn tí ó kù baà lè wí ní èdè tí ìyá wọn fi kọ́ wọn pé, "Gbé omi wá," kí omi sì dé.